Òṣùwọ̀n Omi Ẹ̀gbin: Bí A Ṣe Lè Mọ̀ Bóyá Adágún Ìwẹ̀nùmọ́ Ń Ṣiṣẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀

Ìfáàrà

Ojú ni Yorùbá kọ́kọ́ fi ń ṣe ìdájọ́ omi. Omi tí ó tòrò, tí a lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ni a ń pè ní omi tó mọ́. Èyí tí ó dàrú tàbí tí ó ní àwọ̀ ni a ń yẹra fún. Imú ni ẹlẹ́rìí kejì, ahọ́n ni ẹ̀kẹta. Fún omi kànga àti omi odò, ìdájọ́ yìí ti ran àwọn baba ńlá wa lọ́wọ́ púpọ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e dé etí adágún tí a gbẹ́ láti fi wẹ omi ẹ̀gbin mọ́, ó máa ń ṣini lọ́nà. Adágún tí ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ni omi rẹ̀ máa ń ní àwọ̀ ewé kíki, bí ẹni pé a fún ewé ẹ̀fọ́ sínú rẹ̀. Omi tí ó tòrò, tí kò sì rùn, lè ti ẹnu ọ̀nà ìjáde adágún wá kí ó gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún kòkòrò àìfojúrí láti inú ìgbẹ́ ènìyàn dání. Iṣẹ́ bébà yìí ni láti ṣàlàyé irú òṣùwọ̀n tí ó yẹ kí a fi ti ojú àti imú lẹ́yìn, ohun tí òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan ń wọ̀n, àti ibi tí òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀ ti lè tàn wá jẹ. Adágún ìwẹ̀nùmọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ni a ó máa tọ́ka sí bí àlàyé bá ti ń lọ.

Òǹkàwé lè bèèrè ohun tí ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ àti adágún ń wá nínú jọ́nà ìmọ̀ Yorùbá. Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ àbọ̀ ìwádìí lórí omi ẹ̀gbin ní ilẹ̀ wa, àbọ̀ náà kì í sì í dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ tí ó ń pọn omi odò sí orí ebè ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ rẹ̀, tàbí òṣìṣẹ́ tí a gbà láti máa gé koríko etí adágún. Àwọn wọ̀nyí gan-an ni ọ̀rọ̀ kàn jù. Èdè tí ó lè sọ bí a ṣe ń rẹ aró títí tí yóò fi mu aṣọ, àti bí a ṣe ń sẹ́ omi eérú láti fi se ọṣẹ dúdú, kò lè ṣàìrí ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ adágún.

Nínú bébà yìí, omi ẹ̀gbin ni omi tí ó ti ilé ìdáná, balùwẹ̀ àti ilé ìgbẹ́ jáde. Kòkòrò àìfojúrí ni bakitéríà àti àwọn ẹbí rẹ̀. Ọbẹdò ni àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín aláwọ̀ ewé tí ó máa ń gba ojú omi tí kò ṣàn. Fún òdiwọ̀n tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń kọ ní BOD, mo yan gbólóhùn náà òùngbẹ ọ́síjìn, nítorí pé ohun tí wọ́n ń wọ̀n kò ju bí òùngbẹ ọ́síjìn ṣe ń gbẹ omi náà tó lọ.

Láti ààtàn dé adágún

Ilé-Ifẹ̀ kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ ìdarí omi. Àwọn ilẹ̀ tí a fi àpáàdì tẹ́, tí àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí káàkiri ìlú náà, ni ìtàn àtẹnudẹ́nu so mọ́ Lúwo, Ọọ̀ni obìnrin tí wọ́n ní kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan ẹsẹ̀ òun. Agbo ilé àtijọ́ ní ojú ọ̀run láàárín rẹ̀ níbi tí omi òjò ń dà sí, ó sì ní ojúṣàn tí omi náà ń gbà jáde. Ìgbẹ́ ní tirẹ̀ kì í bá omi pàdé. Ààtàn, igbó ẹ̀yìnkùlé, àti lẹ́yìn náà ṣaláńgá, ni ibùgbé rẹ̀. Ní àwọn ìlú ńlá láyé ìjọba òyìnbó, agbépòó ni ó ń wá gbé e lóru. Ilé ìgbẹ́ olómi ni ó so ìgbẹ́ àti omi pọ̀. Láti ọjọ́ náà ni ohun tí kò ju ẹrù orí ẹnì kan lọ ti di odò kékeré.

A dá Yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀ ní 1961, Ìbàdàn ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ó tó kó bọ̀ sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967. (Orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dé orí rẹ̀ ní 1987.) Ìlú tuntun ni a kọ́ sínú ọgbà náà, ilé ìgbẹ́ olómi ni a sì ṣe sí àwọn ilé gbígbé akẹ́kọ̀ọ́ àti ti òṣìṣẹ́. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò lè gbẹ́ ṣaláńgá fún yàrá kọ̀ọ̀kan. Páìpù ni ó ń kó omi ẹ̀gbin jọ lọ sí ibi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀, ibẹ̀ ni adágún wà. Kì í ṣe Ifẹ̀ nìkan ló yan ọ̀nà yìí. Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka àti Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria náà ní adágún tiwọn.

Mo rò pé yíyàn náà bọ́gbọ́n mu. Ọ̀nà ìwẹ̀nùmọ́ tí Edward Ardern àti William Lockett gbé jáde ní Manchester ní 1914, èyí tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá àgbáyé ń lò títí di òní, gba pé kí ẹ̀rọ máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi tọ̀sántòru. Bí iná bá lọ fún ọjọ́ díẹ̀, àwọn kòkòrò tó ń ṣiṣẹ́ náà á kú, omi á sì máa jáde bí ó ti wọlé. Ní orílẹ̀-èdè tí iná mànàmáná ti ń lọ tí ó ń bọ̀ bí ẹni tí ń ṣeré bojúbojú, adágún tí oòrùn ń bá ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ kì í ṣe ohun tí a ń fojú di. Ilẹ̀ gbígbòòrò ni ó ń gbà, Ifẹ̀ sì ní ilẹ̀.

Pàṣípààrọ̀ inú adágún

Iṣẹ́ adágún jọ ọjà pàṣípààrọ̀. Kòkòrò àìfojúrí ń jẹ ohun jíjẹrà tó wà nínú omi ẹ̀gbin, wọ́n sì nílò ọ́síjìn láti jẹ ẹ́. Bí wọ́n ti ń jẹ ni wọ́n ń tú afẹ́fẹ́ tí àwa náà ń mí síta sílẹ̀, pẹ̀lú èròjà bíi náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Ọbẹdò gba ìwọ̀nyí, ó fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn sọ wọ́n di ara rẹ̀, ó sì ń tú ọ́síjìn sílẹ̀. Ohun tí ọ̀kan jù nù ni èkejì ń jẹ.

Adágún kan ṣoṣo kì í sábà tó. Bí a bá tẹ̀ lé ìlànà, èyí àkọ́kọ́ ni ó jinlẹ̀ jù, láti mítà 2 dé 5. Ẹ̀gbin pọ̀ níbẹ̀ débi pé kò sí ọ́síjìn rárá. Àwọn kòkòrò tí kò fẹ́ ọ́síjìn ló ń ṣiṣẹ́, ẹrẹ̀ ń rọ̀ sí ìsàlẹ̀, gáàsì sì ń hó jáde lójú omi. Èkejì kò ju mítà 1 sí 2 lọ. Òkè rẹ̀ ní ìmọ́lẹ̀ àti ọ́síjìn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn, pàṣípààrọ̀ tí a sọ lókè yìí sì wà lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn tí ó kù, tí wọn kò jìn ju mítà kan tàbí kan àbọ̀ lọ, ni ibi tí àwọn kòkòrò tí ń fa àìsàn ti ń kú. Ohun mẹ́ta ló ń pa wọ́n: ìtànṣán oòrùn, àkókò, àti ọbẹdò fúnra rẹ̀, tí ó máa ń jẹ afẹ́fẹ́ kíkan inú omi tán ní ọ̀sán gangan títí òdiwọ̀n pH omi náà yóò fi ju 9 lọ, èyí tí kòkòrò inú ìgbẹ́ kò lè fara dà. Ẹyin aràn wúwo ju omi lọ. Rírọ̀ ni ó máa ń rọ̀ sí ìsàlẹ̀ bí a bá fún un láyè.

Nítorí náà ni ojú oró àti òṣíbàtà, tí a mọ̀ dáadáa nínú ẹsẹ Ifá, kì í fi í ṣe ọ̀rẹ́ irú adágún yìí. Bí ewé wọn bá tẹ́ bo ojú omi, òkùnkùn bo ọbẹdò mọ́lẹ̀, pàṣípààrọ̀ sì dúró. Koríko etí adágún tí ó tẹrí sínú omi tún di ilé ẹ̀fọn. Àyẹ̀wò tí kò bá bẹ̀rẹ̀ láti ibi etí adágún, kí ó tó dé yàrá kẹ́mísírì, ti fo ìpele kan.

Ìbéèrè tí ó ṣáájú gbogbo òdiwọ̀n ni pé ènìyàn mélòó ni a gbẹ́ adágún fún, àti pé mélòó ni ó ń lò ó báyìí. Ní ilẹ̀ olóoru, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ máa ń ṣírò pé ẹnì kan ń fi nǹkan bí gíráàmù 40 òùngbẹ ọ́síjìn kún omi ẹ̀gbin lójúmọ́. Ìlànà Duncan Mara, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò fún adágún, sọ pé bí omi bá wà ní ìwọ̀n 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius, hẹ́kítà kan adágún kejì lè gba kílógíráàmù 350 lójúmọ́. Ènìyàn 5,000 yóò mú kílógíráàmù 200 wá, wọ́n yóò sì nílò ilẹ̀ tí kò tó hẹ́kítà 0.6. Bí wọ́n bá di 15,000 tí ẹnikẹ́ni kò sì gbẹ́ òmíràn kún un, kò sí àwíjàre tí a lè gba ẹnu adágún náà gbọ́: ẹrù ló ju ọrùn lọ.

Òùngbẹ ọ́síjìn

Láti mọ òùngbẹ ọ́síjìn omi kan, a ó bu ú sínú ìgò, a ó wọn ọ́síjìn tó yọ́ sínú rẹ̀, a ó dé e pinpin, a ó sì gbé e sínú òkùnkùn ní ìwọ̀n 20 Celsius fún ọjọ́ 5. Lẹ́yìn náà a ó tún wọ̀n ọ́n. Iye tí ó dín kù ni àwọn kòkòrò ti lò láti jẹ ẹ̀gbin inú rẹ̀. Bí ẹ̀gbin bá ti pọ̀ tó ni òùngbẹ ṣe ń pọ̀ tó.

Kí ló dé tí ó jẹ́ ọjọ́ 5? Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ìgbìmọ̀ ọba lórí omi ẹ̀gbin, tí ó jókòó láti 1898 dé 1915, ló gbé e kalẹ̀, àlàyé tí a sì máa ń gbọ́ ni pé kò sí odò kan ní Bìrìtìkó tí omi rẹ̀ ń lò ju ọjọ́ 5 lọ kí ó tó dé òkun. Ìwọ̀n ooru tí a yàn náà bá ti odò wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn mu. Odò Ọ̀ṣun kò sí nínú ìṣirò náà. Omi tiwa máa ń gbóná ju 20 lọ, kòkòrò sì máa ń jẹun kíákíá nínú rẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé nínú odò gan-an, òùngbẹ náà á ti gbẹ omi kí ọjọ́ 5 tó pé. Kò túmọ̀ sí pé kí a da òdiwọ̀n náà nù. Gbogbo ayé ló ń lò ó, òun ló sì ń jẹ́ kí a lè fi adágún Ifẹ̀ wé ti Nsukka. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a rántí ilé tí a ti bí i.

Nínú àbọ̀ rẹ̀ ti 1912, ìgbìmọ̀ náà dábàá pé omi tí a bá ti wẹ̀ mọ́ kò gbọdọ̀ ní òùngbẹ ọ́síjìn tó ju milígíráàmù 20 lọ nínú lítà kan, bẹ́ẹ̀ ni èérí tó léfòó nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 30 lọ. Ní Nàìjíríà, àjọ FEPA, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988 lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí olóró tí wọ́n kó láti Ítálì wá sí Kókó, gbé ìlànà tirẹ̀ jáde ní 1991: milígíráàmù 50 fún òùngbẹ ọ́síjìn, 30 fún èérí tó léfòó, bí omi náà bá máa wọ odò. NESREA, tí a dá sílẹ̀ ní 2007, ni ó jogún iṣẹ́ náà.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti díjú díẹ̀. Ọbẹdò tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú adágún máa ń bá omi jáde. Nínú ìgò tó wà nínú òkùnkùn, ọbẹdò kò lè ṣe ọ́síjìn mọ́. Mímí ló ń mí, ó sì ń lo ọ́síjìn, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ń di òùngbẹ. Bí a bá sẹ́ omi náà kí a tó wọ̀n ọ́n, ọbẹdò á dúró sórí bébà asẹ́, a ó sì rí ẹ̀gbin tí ó ṣẹ́ kù gan-an. Bí a kò bá sẹ́ ẹ, a ń fi ìyà òṣìṣẹ́ jẹ òṣìṣẹ́. Àwọn orílẹ̀-èdè Àjọṣepọ̀ Yúróòpù mọ èyí. Òfin wọn ti 1991 lórí omi ẹ̀gbin ìlú gbà pé kí a sẹ́ omi adágún kí a tó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì gba èérí tó léfòó láyè dé milígíráàmù 150 nínú omi tí a kò sẹ́. Òṣùwọ̀n 30 tiwa kò ya adágún sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀rọ onírin. Èrò mi ni pé òṣùwọ̀n yìí le jù fún adágún ní ibi tí kò yẹ kí ó le, àti pé ìwádìí èyíkéyìí tí kò bá sọ bóyá a sẹ́ omi rẹ̀ tàbí a kò sẹ́ ẹ kò tíì sọ nǹkan kan fún wa.

Ìtànjẹ ìdá ọgọ́rùn-ún

Ọ̀nà tí ó rọrùn jù láti yin adágún ni pé kí a wọn ohun tó wọlé, kí a wọn ohun tó jáde, kí a sì sọ pé ó ti mú ìdá mélòó kúrò nínú ọgọ́rùn-ún. Fún òùngbẹ ọ́síjìn, ìṣirò yìí ṣeé gbà. Fún kòkòrò inú ìgbẹ́, ó lè pani lára.

Omi ẹ̀gbin tútù lè ní mílíọ̀nù 10 kòkòrò inú ìgbẹ́ nínú mílílítà 100, ìwọ̀n tí kò kún ife kékeré kan. Jẹ́ kí a gbà pé adágún kan mú ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò. Etí á gbọ́ ọ bí àṣeyọrí ńlá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gba 99 nínú ìdánwò, ọmọ ọlọ́gbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ìdá 1 tí ó ṣẹ́ kù jẹ́ 100,000. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà rẹ̀ ti 1989, sọ pé omi tí a óò fi bomi rin ohun ọ̀gbìn tí a ń jẹ ní tútù kò gbọdọ̀ ní ju 1,000 lọ nínú mílílítà 100, kò sì gbọdọ̀ ní ju ẹyin aràn kan lọ nínú lítà kan. Adágún wa tó gba 99 ṣì fi ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ju ààlà lọ. Ìdá 99.99 ni ó gbọdọ̀ mú kúrò kí ó tó bọ́. Àjọ náà tún ìlànà rẹ̀ ṣe ní 2006, ó sì mú un gbòòrò láti ka fífọ ẹ̀fọ́ àti ọ̀nà ìbomirin mọ́ ìdáàbòbò, àmọ́ kò sọ pé kòkòrò inú ìgbẹ́ ti di aláìléwu.

Bí a ṣe lè dé ibẹ̀ láìfi ilẹ̀ kún ilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ó wù mí jù nínú ìmọ̀ yìí. G. v. R. Marais, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Gúúsù Áfíríkà, gbé ìlànà kan jáde ní 1974 tí ó fi ìyára ikú kòkòrò so mọ́ ooru omi. Ní ìwọ̀n 25 Celsius, ìlànà rẹ̀ fún wa ní nǹkan bí 6.2 lójúmọ́. Ẹ jẹ́ kí a ní omi tí yóò lo ọjọ́ 10 nínú adágún. Bí adágún náà bá jẹ́ ẹyọ kan, iye kòkòrò á fi nǹkan bí ìlọ́po 63 dín kù: mílíọ̀nù 10 á di nǹkan bí 159,000. Bí a bá mọ ògiri sí àárín rẹ̀ kí ó di méjì, tí omi lo ọjọ́ 5 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìlọ́po 32 lọ́nà méjì ni, ìyẹn ju ìlọ́po 1,000 lọ. Ohun tó kù kò tó 10,000. Bí a bá pín in sí mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́ta àti díẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohun tó kù kò tó 1,000. Ilẹ̀ kan náà, omi kan náà, ọjọ́ 10 kan náà.

Ìdí rẹ̀ ni pé nínú adágún kan ṣoṣo, omi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láàárọ̀ yìí máa ń dà pọ̀ mọ́ èyí tí ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì lè bá ẹnu ọ̀nà jáde kí ilẹ̀ tó ṣú. Ògiri ni kò jẹ́ kí àlejò òwúrọ̀ bá àgbà jáde. Ìlànà Marais gbà pé omi ń pò pọ̀ dáadáa nínú adágún. Nínú adágún tòótọ́, omi lè gba ọ̀nà àbùjá kọjá, kí igun méjì adágún sì di òkú omi tí kò bá wọn ṣe nǹkan kan. J. C. Agunwamba ní Nsukka ti ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lórí bí omi ṣe ń rìn nínú irú adágún bẹ́ẹ̀. Bí ẹnu ọ̀nà ìwọlé bá kọjú sí ti ìjáde, ọjọ́ 10 tó wà lórí ìwé lè má ju ọjọ́ 3 lọ ní tòótọ́.

Ooru náà ń dá sí i. Bí omi bá tutù dé ìwọ̀n 20, èyí tí kì í sábà ṣẹlẹ̀ ní Ifẹ̀ àfi bóyá ní òru ọyẹ́, 6.2 yẹn á di 2.6, adágún mẹ́ta tó bọ́ lókè yìí á sì jẹ́ kí nǹkan bí 11,000 jáde.

Wákàtí, òjò àti ìyanṣẹ́lódì

Ọ̀rọ̀ ìgbà tí a bu omi ṣe pàtàkì tó ọ̀rọ̀ ohun tí a wọ̀n. Ní agogo méjì ọ̀sán, ọ́síjìn kún ojú adágún dẹ́nu, ó tilẹ̀ lè ju èyí tí omi lè gbà lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó lè ti tán pátápátá, nítorí ọbẹdò náà ń mí lóru. Ẹni tí ó bu omi ní ọ̀sán àti ẹni tí ó bu ú ní ìdájí yóò kọ àbọ̀ méjì tí ẹ kò ní mọ̀ pé adágún kan náà ni. Òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò kì í sábà dé etí adágún kí agogo mẹ́wàá tó lù. Àgbẹ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́ sì rèé, òwúrọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ ni ó ń bomi rin ebè rẹ̀. Omi tí a yẹ̀ wò kọ́ ni omi tí ó lò. Àyẹ̀wò tó pé gbọdọ̀ máa bu omi ní wákàtí díẹ̀ díẹ̀ tọ̀sántòru, ó kéré tán fún ọjọ́ kan nínú oṣù.

Òjò pẹ̀lú. Láti oṣù Ẹrẹ́nà tàbí Igbe títí dé Ọ̀wàrà ni òjò ń rọ̀ ní Ifẹ̀, pẹ̀lú ìsinmi díẹ̀ ní oṣù Ògún. Omi òjò tó bá wọ páìpù á la omi ẹ̀gbin, nítorí náà òdiwọ̀n ohun tó jáde á dà bí ẹni pé ó dára sí i. Ṣùgbọ́n òjò kan náà ń ti omi jáde kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ìwádìí tí a ṣe ní ìgbà òjò nìkan lè yin adágún fún iṣẹ́ tí òjò ṣe.

Ti yunifásítì wá ní ọ̀ràn kan tí ìwé òyìnbó kì í sábà mẹ́nu bà. Iye ènìyàn tó ń lo adágún máa ń yí padà bí kàlẹ́ńdà ẹ̀kọ́ ti ń yí. Ní 2022, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù Èrèlé títí di oṣù Ọ̀wàrà, oṣù mẹ́jọ gbáko. Adágún tí akẹ́kọ̀ọ́ kò sí nídìí rẹ̀ máa ń sinmi. Ohun tó wọlé kéré, ó sì ń pẹ́ nínú. Ẹni tí ó bá fi òdiwọ̀n irú ìgbà bẹ́ẹ̀ sọ pé adágún ń ṣe dáadáa ti fi ọjọ́ ìsinmi ṣe ìdánwò iṣẹ́. Ó yẹ kí gbogbo àbọ̀ máa sọ bóyá akẹ́kọ̀ọ́ wà nílé ẹ̀kọ́ tàbí wọn kò sí.

Odò tí ó ń gbà á

Àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ní yunifásítì náà fúnra wọn ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Ìwádìí tí A. O. Ogunfowokan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2005 kò dúró sí ẹnu ọ̀nà adágún. Ó tẹ̀ lé omi náà dé inú odò tí ó ń gbà á, ó sì rí i pé omi tí a kò tíì wẹ̀ tó láti inú adágún ń ba ìwà omi odò náà jẹ́. Mo fẹ́ràn ìlànà wọn. Adágún kì í ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀. Odò ni olówó iṣẹ́. Bí a bá bu omi lókè ibi tí omi adágún ti ń wọ odò, tí a sì tún bu ú nísàlẹ̀, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni ẹjọ́ tí odò ń rò.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni ẹjọ́ náà máa ń le jù. Òṣùwọ̀n 20 àti 30 ti ìgbìmọ̀ 1912 ní májẹ̀mu kan tí a sábà máa ń gbàgbé: ó gbà pé odò tí omi náà ń wọ̀ á fi omi mímọ́, ìlọ́po mẹ́jọ ó kéré tán, là á. Odò kékeré ilẹ̀ Ifẹ̀ lè ṣe èyí ní oṣù Òwewe láìsí wàhálà. Ní oṣù Èrèlé, nígbà tí odò bá ti fà di ojú okùn, omi adágún lè jẹ́ ìdajì odò náà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù yìí kan náà ni òjò kò sí, tí àgbẹ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́ ń wá omi kiri, tí ṣọkọ̀ sì ń gbówó lórí lọ́jà. Ìgbà tí omi náà burú jù ni ìgbà tí a nílò rẹ̀ jù, àti pé òfin tó ń ka milígíráàmù nìkan láìka bí odò ṣe tóbi tó kò lè rí èyí.

Ẹ̀fọ́ tí a óò sè kò léwu tó èyí tí a óò jẹ ní tútù; iná ọbẹ̀ ń pa kòkòrò. Ẹni tí ó ń tẹ ẹrẹ̀ ebè pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú omi náà ní gbogbo òwúrọ̀, ni kò sí iná kan tó dáàbò bò ó. Àwọn aṣèwádìí kì í sábà wọn ìyẹn.

Ní ti àwọn ilé ìgboro tí kò sí lórí páìpù yunifásítì, ihò sókàwéè ni adágún tiwọn, abẹ́ ilẹ̀ ni ó sì ń ṣàn sí. Kànga aládùúgbò ni odò tí ó ń gbà á. Ìyẹn nílò bébà tirẹ̀.

Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀

Ohun tí ó ń pa adágún lọ́jọ́ ogbó rẹ̀ ni ẹrẹ̀. A máa ń ṣírò pé ẹnì kan ń fi nǹkan bí mítà onígun-mẹ́ta 0.04 ẹrẹ̀ kún ìsàlẹ̀ adágún lọ́dọọdún. Fún ènìyàn 5,000, ìyẹn jẹ́ 200 lọ́dún. Adágún tí ó fẹ̀ ní hẹ́kítà 1, tí ó jìn ní mítà kan àbọ̀, gba 15,000. Ní ogójì ọdún láìkó o, ẹrẹ̀ á ti gba 8,000 nínú rẹ̀, ó ju ìdajì lọ, ọjọ́ tí omi ń lò nínú rẹ̀ á sì ti dín kù bẹ́ẹ̀. Lókè, ojú omi á ṣì fẹ̀ bí ó ti fẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Kò sí ohun tí ojú lè rí.

Òdiwọ̀n ẹrẹ̀ kò nílò yàrá kẹ́mísírì, kò nílò iná, kò sì nílò owó ìwádìí. Ọ̀pá gígùn kan ni, tí ó ga ju adágún lọ, tí a fi aṣọ ìnura funfun wé láti ìsàlẹ̀ dé ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ènìyàn méjì á gun ọkọ̀ ojú omi kékeré dé àárín adágún, wọn á rọra ti ọ̀pá náà bọ inú omi ní ìdúró ṣánṣán títí yóò fi kan ilẹ̀, wọn á sì rọra fà á sókè. Ẹrẹ̀ á ti lẹ̀ mọ́ aṣọ náà, omi kò ní lẹ̀ mọ́ ọn; ibi tí dúdú ti pin ni orí ẹrẹ̀. Wọn á fi okùn ìwọ̀n wọ̀n ọ́n, wọn á kọ iye rẹ̀ àti ọjọ́ rẹ̀ sínú ìwé, wọn á sì sún síwájú ní mítà mélòó kan láti tún un ṣe. Bí ẹrẹ̀ bá ti gba ìdá kan nínú mẹ́ta jíjìn adágún, àkókò ti tó láti gbọ́n omi rẹ̀ kúrò kí a sì kó o. Lọ́dún tó ń bọ̀, wọn á tún gbé ọ̀pá náà padà sí àwọn ibi kan náà.